Nọ́ńbà Kìíní Nínú Kọ̀ǹpútà

Bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, tó ń fi ìbọ̀sẹ̀ tó ti lu níbi àtàǹpàkò yọ́ rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń lọ síbi pẹpẹ, ẹ má wulẹ̀ béèrè mọ́, yàrá kọ̀ǹpútà ló ń lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọ́fíìsì ní Èkó, tọmọdé tàgbà ló gbà pé eruku bàtà lè pa á. Theodora tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ló fi òfin náà lélẹ̀ nílé-iṣẹ́ Arówólò tó wà ní òpópónà Adéníji Adélé. Ó mọ̀ dájú pé bàtà kò ṣe kọ̀ǹpútà ní nǹkan kan. Ó kàn máa ń dùn mọ́ ọn láti rí àwọn ọ̀gá rẹ̀ láìwọ bàtà ni.

Ọmọ Agùdà ni Theodora, ìran àwọn tó ti Bràsíílì padà wá sí Èkó. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Ìta Fájì, ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ya òdòdó sára ògiri rẹ̀. Nígbà tí mò ń wí yìí, òjò ti ń jò wọ ilé náà látòkè dé ìsàlẹ̀, àwọn ayálégbé sì ń bára wọn jà lórí balùwẹ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ ìyẹn lẹ́nu Theodora. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé nígbà tí àwọn bàbá òun ti ń fi ṣíbí àti fọ́ọ̀kì jẹun lórí tábìlì, bàbá ọ̀gá òun ṣì ń ru aṣọ kiri abúlé, tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Oṣómàáló lásán làsàn! Ṣíọ̀. Ẹni bá gbọ́ ọ á rò pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ọmọ oṣómàáló yìí ló ti ń jẹun.

Ọ̀gá tó ń wí náà ni Olóyè Dáfídì Arówólò, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti rí ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní Ìsàlẹ̀ Èkó: ọ̀kan ń ta ọ̀dà, ọ̀kan ń ta páànù, ọ̀kan ń ta páìpù omi. Ó ra kọ̀ǹpútà nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìkòyí ti ra tirẹ̀, ojú sì ń kán Olóyè. Ó ní kí wọ́n hun aṣọ léèsì funfun bò ó lórí. Ó fi ẹ́síì sí yàrá kọ̀ǹpútà náà, kí ó tó fi sí ọ́fíìsì ara rẹ̀ pàápàá. Láti ìgbà náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń wá nǹkan ṣe ní yàrá kọ̀ǹpútà nígbà tí oòrùn bá mú, wọ́n á ní àwọn wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ju pé kó máa tọ́jú ọjà lọ: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tó kù nílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, bí ilé olójúlé mẹ́ta tí ojúlé kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á tẹ orúkọ rẹ̀, á tẹ pásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀, ẹ̀rọ á wá wo nọ́ńbà tí wọ́n fún un, láti orí kìíní dé orí ìkẹsàn-án, kó tó pinnu ibi tí ó lè dé. Injinníà tó wá to ẹ̀rọ náà ṣàlàyé rẹ̀ fún Theodora nìkan, torí òun nìkan ló jókòó tì í. Ó ní nọ́ńbà kẹsàn-án ni ọba wọn. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lè ṣí àkáǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó lè tún un ṣe, ó lè tì í pa, òun náà ló sì ń pín nọ́ńbà fún àwọn yòókù. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń wálẹ̀ ni agbára ń dín. Nọ́ńbà kìíní ni ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò lè ṣe ju kó ka orúkọ ilé-iṣẹ́ àti déètì òní lójú ẹ̀rọ. Injinníà ní àlejò tó bá fẹ́ fojú rí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe ti ìyẹn fún. Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Olóyè wá pe ìpàdé láti pín nọ́ńbà. Ẹ ò rí nǹkan! Ìpàdé kọ̀ǹpútà di ìpàdé oyè jíjẹ. Bọ́lájí, àbúrò Olóyè tó ń ṣe máníjà páànù, ní òun kò lè tò sẹ́yìn obìnrin nínú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun. Adéọlá, ìyá àgbà tó ń ṣe máníjà ọ̀dà, ní ọjọ́ tí òun àti Olóyè ń ta ọ̀dà lábẹ́ agboòrùn ní Ìdúmọ̀tà, Bọ́lájí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń nu imú. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí tíì tí wọ́n gbé síwájú wọn fi tutù. Theodora jókòó sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó lè tan ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá ní kí Bọ́lájí wá ibi tí wọ́n ti ń tàn án, ẹ́síì ló máa lọ pa.

Olóyè bá dá ìjà náà dúró. Ó ní ìka ò dọ́gba, Ọlọ́run kò sì ṣe àṣìṣe nígbà tó ṣe é bẹ́ẹ̀. Pé bí oníkálùkù ṣe dé ilé-iṣẹ́ yìí ni nọ́ńbà wọn á ṣe tò. Òun ló dá a sílẹ̀, òun ni nọ́ńbà kìíní. Bọ́lájí jẹ́ àbúrò òun, òun ni kejì. Adéọlá ni kẹta. Kí àwọn yòókù máa tẹ̀ lé wọn.

Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn, Theodora gbìyànjú. Ó nawọ́ sókè, ó ní ẹ jọ̀ọ́, sà, bí wọ́n ṣe ń ka ti ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ díẹ̀.

Olóyè yọ awò ojú rẹ̀. "Theodora, ta ló bi ọ́? Àgbà ń sọ̀rọ̀, ò ń nawọ́. Ìwọ lo dé kẹ́yìn níbí, ìwọ ni kẹsàn-án."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Adéọlá ní ìkẹsàn-án yẹn gan-an ti pọ̀ jù fún ọmọ Agùdà tó ń fi imú sọ̀rọ̀.

Ojú ti Theodora, inú bí i, ṣùgbọ́n nínú ìbínú náà ni ẹ̀rín ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn tó ń jà du ìsàlẹ̀ àkàbà tí wọ́n pè é lókè. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tí kò jẹ́ ká júwe ọ̀nà fún òun, ká jẹ́ kó máa lọ. "Ó dáa, sà," ni gbogbo ohun tó sọ, ó lọ tẹ nọ́ńbà náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe pín in.

Ayé wá dùn fún Theodora. Àwọn akọ̀wé kéékèèké tó wà ní ìkẹfà sí ìkẹjọ ló ń tẹ iṣẹ́ ojoojúmọ́, wọ́n mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, wọ́n sì ń rín in nínú. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún Olóyè? Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti ju agbára akọ̀wé lọ, bí ọ̀dà bá bọ́ sínú àkáǹtì páìpù tàbí tí oníbàárà bá dá páànù padà, kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣí i àfi nọ́ńbà kẹsàn-án. Àwọn ọ̀gá á bọ́ bàtà, wọ́n á wọlé, wọ́n á dúró sẹ́yìn àga rẹ̀. Kò sì ní wẹ̀yìn. Ó kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò máa wí: "Àǹtí Theodora, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i." Ẹni tó bá gbàgbé "àǹtí" á dúró pẹ́. Adéọlá tó lè bí i lọ́mọ pè é ní àǹtí. Bọ́lájí kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ni oníbàárà páànù rẹ̀ bá bínú kúrò, láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é. Theodora tún kọ òfin kan sí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá náà: MÁ SỌ PÁSÍWỌ̀Ọ̀DÙ RẸ FÚN ẸNIKẸ́NI, ÌBÁÀ ṢE ÌYÁ TÓ BÍ Ọ. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ń yá ara wọn ní pásíwọ̀ọ̀dù, ìjọba òun bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ó fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe Máníjà Kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ orúkọ òun sára ilẹ̀kùn. Bó bá délé lálẹ́ tó gbọ́ bí omi ṣe ń kán sínú báàfù láti òkè àjà, ilẹ̀kùn yẹn ló máa ń rò. Ó fẹ́ kí orúkọ ilé bàbá rẹ̀ tún wà lára nǹkan kan tí kò jò. Ó ti béèrè lọ́wọ́ Olóyè láìmọye ìgbà, èsì Olóyè kò sì yí padà: a ó rí i.

Àsìkò yẹn ni wọ́n gba Kọ́lápọ̀ síṣẹ́. Àbúrò ìyàwó Olóyè ni, ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ti yàwòrán, tó ti wa ọkọ̀, tó ti ta bàtà, tí ọ̀kankan kò yọrí. Ìyàwó Olóyè ló sunkún títí wọ́n fi rí nǹkan fún un ṣe. Theodora wo ẹ̀wù rẹ̀ tí kọ́là rẹ̀ ti gbó, ó pòṣé. Kọ́lápọ̀ ṣe ẹ̀gbọ́n fún un dáadáa, ṣùgbọ́n orúkọ ni Theodora ń pè é gbáà, kò sí bọ̀dá kankan níbẹ̀. Ó ní kó máa da omi tó ń kán láti inú ẹ́síì nù. Kọ́lápọ̀ ń dà á, ó ń ní "ó dáa, àǹtí," kò sì ba ojú jẹ́. Ìyẹn tún wá bí Theodora nínú. Ó ní ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ tí kò mọ̀, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe?

Lọ́jọ́ kan, àwọn ìgbìmọ̀ tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkòyí wá bá Olóyè. Wọ́n fẹ́ ra páànù, ọ̀dà àti páìpù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Olóyè ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú lọ sí ṣọ́ọ̀bù kankan, òun máa fi ọwọ́ ara òun ṣí àkáǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú wọn, wọ́n á rí gbogbo ọjà lórí ìjókòó. Theodora gbọ́ ọ, ó tẹ̀ lé wọn. Olóyè kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí.

Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọlé. Olóyè jókòó, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ orúkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja. Orúkọ ilé-iṣẹ́ yọ, déètì yọ. Àwọn àlejò ní ẹ kú iṣẹ́. Olóyè bá tẹ orúkọ àkáǹtì ọ̀dà. Ẹ̀rọ náà dún pé píìn, ó kọ nǹkan. Ó tún un tẹ̀, ó tún dún. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò, ọkùnrin olóhùn gooro kan, na ọrùn, ó kà á jáde.

"Ó ní ẹ ò láṣẹ, Olóyè."

Òógùn yọ níwájú orí Olóyè nínú òtútù ẹ́síì. Theodora rí i pé bó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, Olóyè á béèrè ìdí, gbogbo rẹ̀ á sì tú. Ó sún mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn àlejò.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rọ yìí mọ àgbà ni. Kì í jẹ́ kí nọ́ńbà kìíní fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Èmi tí mo kéré jù ló ń bẹ̀ níṣẹ́."

Áà, ẹ wá wo ojú Olóyè! Ó fẹ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n ki oríkì rẹ̀. Ó dìde fún Theodora, Theodora jókòó, ó fi orúkọ tirẹ̀ wọlé, àkáǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣí wàràwàrà. Àwọn ará Ìkòyí mi orí, wọ́n ní òyìnbó mà gbọ́n o, pé ó fi ọ̀wọ̀ fún àgbà sínú irin. Wọ́n ra gbogbo ohun tí wọ́n bá wá. Títí wọ́n fi wọ mọ́tò ni Olóyè ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ: kì í jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Theodora gbá ẹnu rẹ̀ mú nínú yàrá kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àgbà òfìfo! Bí wọ́n bá ní kọ̀ǹpútà ń kí i káàárọ̀, á dáhùn.

Ní ọjọ́ Ajé, Olóyè pe gbogbo wọn jọ. Ó ní ọmọ yìí gba òun lọ́wọ́ ìtìjú níwájú àwọn èèyàn pàtàkì, Ìjẹ̀ṣà kì í sì í gbàgbé oore. Láti ọjọ́ náà lọ, Theodora ni Máníjà Kọ̀ǹpútà. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn, wọ́n á fún un ní ọ́fíìsì lókè.

Theodora ti ń kúnlẹ̀ láti dúpẹ́ nígbà tí Olóyè fi ìyókù kún un.

"Máníjà mi kò sì gbọdọ̀ wà ní ìkẹsàn-án mọ́, ìyẹn kò bójú mu. Nọ́ńbà kejì ni ọ́ báyìí, èmi nìkan ló ṣáájú rẹ. Kọ́lápọ̀ ló dé kẹ́yìn, kó bọ́ sí ìkẹsàn-án."

Bọ́lájí dìde, ó jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàà. Adéọlá ní òun kò mọ̀ pé òun á dàgbà dé ọjọ́ tí ọmọ àná á ṣáájú òun. Kò sẹ́ni tó wo ojú Theodora; ká ní wọ́n wò ó ni, wọ́n á rí i pé ẹ̀rín ti kúrò níbẹ̀.

Kí ló fẹ́ wí? Bó bá sọ òótọ́, Olóyè á mọ̀ pé láti ọjọ́ yìí wá, déètì nìkan ni nọ́ńbà òun lè kà. Á mọ̀ pé ọmọ Agùdà kan ti ń fi òun ṣẹ̀sín nínú ilé-iṣẹ́ òun, tó tún purọ́ fún òun níwájú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀kùn á lọ, iṣẹ́ á lọ, á padà sí Ìta Fájì lọ máa gbé báàfù sábẹ́ àjà. Bí kò bá sì sọ ọ́, á di nọ́ńbà kejì. Ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó wá rí ọgbọ́n kan dá. Kí ẹ̀rọ tó yí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni padà, ó máa ń béèrè bóyá ó dáni lójú. Òun á tẹ ti Kọ́lápọ̀ sí ìkẹsàn-án, ìyẹn kò burú, ọba méjì lè wà. Tó bá kan tòun, òun á tẹ̀ ẹ́ sí ìkejì, òun á tẹ "bẹ́ẹ̀ kọ́" nígbà tí ẹ̀rọ bá béèrè, òun á wá sọ fún wọn pé ó ti parí. Ta ló fẹ́ mọ̀? Ṣé Olóyè tó ń fi ìka kan tẹ̀wé? Ara rẹ̀ balẹ̀, ó tilẹ̀ tún pòṣé sí wọn.

Gbogbo wọn bọ́ bàtà, wọ́n kún yàrá náà. Olóyè ní kí wọ́n gbàdúrà lé e lórí ná, wọ́n gbà á. Theodora tẹ ti Kọ́lápọ̀. Kọ́lápọ̀ yan pásíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì bo ọwọ́ ọ̀tún bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń wo bébà ara ògiri kó má baà ṣàṣìṣe. Theodora wá tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó tẹ èjì. Ẹ̀rọ béèrè: ṣé ó dá ọ lójú? Lẹ́tà "bẹ́ẹ̀ ni" ti wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó kù kéèyàn tẹ Ẹ́ńtà. Theodora na ìka láti yí i padà.

"Dúró," ni Olóyè wí. "Ohun ìdùnnú nìyí. Èmi ni mo fi ọ́ joyè, èmi ni màá tẹ ìgbẹ̀yìn rẹ̀."

Ó ti ń wo ìka rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, ó mọ bọ́tìnì ńlá yẹn. Kí Theodora tó la ẹnu, Olóyè ti na apá kọjá lórí èjìká rẹ̀, ó tẹ Ẹ́ńtà mọ́lẹ̀. Àwọn tó kù pàtẹ́wọ́. Olóyè pàṣẹ pé láti ìsinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nọ́ńbà ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé òun fẹnu ara òun sọ ọ́.

Ọ̀dà àwọ̀ góòlù tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn. Ọ́fíìsì náà ní fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà, ó ní àga tó ń yí, ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Theodora tẹ orúkọ rẹ̀, ó tẹ pásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ yọ. Déètì yọ. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún tò sábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni nọ́ńbà kejì fi ju ìkíní lọ. Ó tẹ ọ̀dà, ó dún píìn. Ó tẹ páànù, ó dún píìn. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń ka déètì.

Nígbà tó sú u, ó tọ Olóyè lọ, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan, pé ẹ̀rọ òun kò fẹ́ ṣí. Olóyè rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ ọ́ fún mi ni? Ó ti mọ̀ pé o ti di àgbà. Jókòó jẹ́ẹ́, kí o máa rán Kọ́lápọ̀."

Ọ̀rọ̀ Theodora fúnra rẹ̀ ni, kò sì lè bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà pẹ̀lú bàtà gogoro rẹ̀ tuntun. Kọ́lápọ̀ ló wà lórí àga rẹ̀ àtijọ́, nínú òtútù ẹ́síì, ó ká ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Àwọn akọ̀wé ti kọ́ ọ níwọ̀n tó máa lò, ìwọ̀n náà sì tó. Adéọlá dúró sẹ́yìn àga, ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tún ń fẹ́ ọ̀dà, ó ń wí pé, "Bọ̀dá Kọ́lápọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i."

Theodora ní, "Kọ́lápọ̀, sọ pásíwọ̀ọ̀dù rẹ fún mi kíá."

Kọ́lápọ̀ kò wẹ̀yìn. Ó fi ìka júwe bébà ara ògiri, ó ń bá iṣẹ́ Adéọlá lọ. Adéọlá ló wẹ̀yìn, ó wo Theodora dáadáa, ojú rẹ̀ sì ń dán.

Theodora dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Orúkọ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn lókè, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Nígbà tí Adéọlá ti gba tirẹ̀ tó sì ti lọ, ó gbé ohùn rẹ̀ wálẹ̀ kí àwọn akọ̀wé má baà gbọ́.

"Bọ̀dá Kọ́lápọ̀," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i."

Kọ́lápọ̀ wá wẹ̀yìn wàyí. Kò wo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wò.

"Ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà yín ná, àǹtí."

Theodora bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà.